Ojú Ìwé Tí Mo Kọ "Kò Tíì Tó" Sí

                                        Yàrá Àwọn Òǹkọ̀wé,
                                        Àjà Kejì, Ẹ̀yìn Sítúdíò Ńlá.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Ẹrẹ́nà.

Aládùúgbò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ìwọ àti gbogbo ará ilé. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn ríro yẹn ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ọmọ wa ńkọ́, ẹni tó máa ń sùn sábẹ́ tábìlì wa, tó ń fi ìwé eré tá a ti pa tì rọrí? Wọ́n ní ó ti wọ yunifásítì, pé ó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Ojú rẹ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ńkọ́? Ṣé o ti ń kàwé báyìí láìna ìwé síwájú bí ẹni tó fẹ́ fi bọ́ adìyẹ? Àwọn ọmọ ilé ìwé tí ò ń kọ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu, mo sì mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìròyìn gbé e pé mo ti padà sídìí eré tẹlifíṣàn wa, ìwọ lo kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi. O ní, "Mo bá ọ yọ̀, Aládùúgbò. Ilé ti rí onílé." Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, mi ò dá ọ lóhùn. Tó o bá ti ń rò pé ipò ló ń gùn mí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, iṣẹ́ ló pọ̀. Láti Ọjọ́rú tó kọjá, ojú ló ń tì mí. Lẹ́tà yìí ni èsì rẹ. Tó o bá wà lórí ìdúró, jókòó.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe bá ilé. Wọ́n ti kun àtẹ̀gùn ní àwọ̀ eérú, wọ́n sì ti fi ilẹ̀kùn onígíláàsì sí yàrá wa, kí ẹni tó bá ń kọjá lè máa rí i pé à ń ronú. Tábìlì wa ṣì wà níbẹ̀. Ìlà tí mo fi bírò pupa fà sí àárín rẹ̀ lọ́dún kìíní, tí mo ní ìwé rẹ ò gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀, tó o wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Aládùúgbò, ó ti ń ṣá, àmọ́ ó ṣì wà. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Mo gbé àpò mi lé àga tìrẹ kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó síbẹ̀.

Ọkọ̀ òfuurufú wa náà, èyí tó ń rìn láàárín ìràwọ̀ nínú eré, ṣì dúró sí àárín sítúdíò. Wọ́n ti fi iná oríṣiríṣi kún un, àmọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, àwọn bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọ̀gá awakọ̀ ṣì ni ìdérí ìgò tí èmi àtìrẹ fi odindi ọ̀sán kan kùn. Òṣèré tó ń ṣe ọ̀gá awakọ̀ náà dì mọ́ mi, ó sì sanra. Obìnrin tó ń rán aṣọ eré ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lòun ti tú aṣọ iṣẹ́ yẹn kó lè fẹ̀, pé tó bá tún di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọkọ̀ gan-an ló kù tí wọ́n máa fẹ̀ sí i.

O mọ ohun tó fà á tí wọ́n fi wá mi wá. Ọkùnrin tó di olórí eré lẹ́yìn mi, Ọ̀gbẹ́ni Gbàù tá a jọ sọ lórúkọ, lo ọdún méje, kò sí apá kan tí nǹkan kan ò bú gbàù nínú rẹ̀. Bàbá Ìrántí, olùtọ́jú ìwé eré wa, kà á fún mi: ìràwọ̀ mọ́kànlá ló bú. Àwọn tó tẹ̀ lé e ò mọ ohun tí wọ́n máa bú mọ́. Àwọn òǹwòran ń kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn fi pè mí. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ohun tí mo ti ń retí láti ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn, kí ẹnì kan wá sọ fún mi pé láìsí mi kò ṣeé ṣe. Fi èyí sọ́kàn, torí òun ni gbòǹgbò ohun tí mo fẹ́ sọ.

O rántí òfin mi. Ìwé eré kankan ò gbọ́dọ̀ dé orí tábìlì pẹ̀lú ojú ìwé àkọ́kọ́, níbi tí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà. Bàbá Ìrántí á yọ ọ́ kúrò, á fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀, ká má baà mọ̀ bóyá àgbà ló kọ ọ́ tàbí ẹni tó dé lánàá. Apá kejì òfin náà ni pé tá a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọdún eré tuntun, gbogbo ìwé eré tá ò tíì yà, bó ti wù kó pẹ́ tó nínú kọ́bọ́ọ̀dù, á jáde, á sì dara pọ̀ mọ́ tuntun. Ọ̀gbẹ́ni Gbàù ti fagi lé òfin yìí. Lọ́jọ́ tí mo wọlé, mo dìde dúró níwájú àwọn òǹkọ̀wé mẹ́ta tó ṣẹ́ kù, àwọn tó lè jẹ́ ọmọ mi, mo sọ̀rọ̀ nípa òdodo fún ogún ìṣẹ́jú, mo ní òfin náà ti padà. Mo ṣe fáàrí gan-an ni.

Bàbá Ìrántí wà níbẹ̀ tó ń gbọ́. Òun ló ṣì ń tọ́jú ìwé ńlá tó ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú eré sí, kí ẹni tó fọ́jú lọ́dún kìíní má baà máa ka ìwé ìròyìn lọ́dún kẹta. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Ó kàn mi orí, ó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ìwé eré mẹ́sàn-án ló wà lórí tábìlì. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀. A ń kà wọ́n sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ń gba ohùn ẹnì kan ṣe. Mẹ́fà àkọ́kọ́ kò tó nǹkan. Ọ̀kan nínú wọn ni ìràwọ̀ tiẹ̀ ti bú kó tó di ojú ìwé kejì. Ìgbà náà la gbé nọ́ńbà keje.

Nínú nọ́ńbà keje, obìnrin kan wà nínú ọkọ̀ wa tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ jà kó tó wọkọ̀, ọ̀rọ̀ burúkú ló sì fi sílẹ̀ fún ọmọ náà. Inú ọkọ̀ ló ti ránṣẹ́ láti bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ọkọ̀ ti jìnnà sílé débi pé ọdún mẹ́rin ni iṣẹ́ tó rán fi rìn, ọdún márùn-ún sì ni èsì fi rìn kó tó padà. Ọjọ́ tí èsì dé ni ìwé eré náà bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà ò ṣí i. Ó ń tú ẹ̀rọ omi tí kò bàjẹ́, ó ń tò ó padà, ó tún ń tú u. Gbogbo ará ọkọ̀ ló ń wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n ní ó ń jò. Nígbà tó wá ṣí i níkẹyìn, ohùn ọmọ náà ti di ohùn àgbàlagbà, kò sì dárúkọ ìjà kankan. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ó ti ń yé ọ báyìí. Kò yé èmi lọ́jọ́ náà.

Omi bọ́ lójú mi níwájú àwọn ọmọ tí mo ti ń halẹ̀ mọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gbá tábìlì, mo ní èyí la máa fi bẹ̀rẹ̀ ọdún. Mo ní láti ọjọ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò tíì ka ohun tó tó o. Mo tún fi kún un, kí ilẹ̀ lanu, pé ó dà bí ohun tí èmi fúnra mi ti ń fẹ́ kọ láti ọjọ́ yìí wá. Bàbá Ìrántí wúkọ́. Mo bi í pé ta ló kọ ọ́. Ó dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú bébà kan wá, ó sì dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì ní ẹ̀gbẹ́ tìrẹ, kọjá ìlà. Èmi ni mo na ọwọ́, tí mo ṣí i.

Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ orúkọ rẹ, bírò pupa ni, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì ni: *Kò tíì tó.* Ìfọwọ́sí mi wà lábẹ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí mo kọ ọ́ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Èmi ni, Aládùúgbò. Kì í ṣe ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ló kọ̀ ọ́.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn míì ní kí n wá ṣe eré tèmi lọ́dọ̀ àwọn, ọ̀gá àgbà àtijọ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní ìwọ lòun fẹ́ gbé eré náà lé lọ́wọ́. Ó ní o ti kọ ìwé eré kan wá kóun lè fi mọ agbára rẹ, àmọ́ òun ò mọ̀ nípa ìwé kíkọ, kí n bá òun kà á. Tí mo bá ti ní ó dára, eré di tìrẹ. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ tòun ti ojú ìwé àkọ́kọ́, torí pé kò mọ òfin wa. Èmi tí mo ṣe òfin ló yẹ kó ní kí wọ́n yọ ọ́. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ka orúkọ kí n tó ka ọ̀rọ̀.

Inú mọ́tò mi ni mo ti kà á, lẹ́yìn sítúdíò, níbi tá a máa ń gbé mọ́tò sí. Nígbà tí mo dé ibi tí ọmọ náà ti béèrè oúnjẹ, mo pa ìwé náà dé lórí itan mi. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé irú èyí, mi ò lè kọ ọ́ láé. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé tí mo bá lọ tán, tí eré yìí wá dùn ju bó ṣe wà lọ́wọ́ mi lọ, wọ́n á ní ìwọ lo ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kó jó àjórẹ̀yìn. Mo fẹ́ kí àárò mi sọ wọ́n. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara, gbogbo ọmọdé ló mọ̀ ọ́n, èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlá kọ eré nípa ojú ọ̀run ni mi ò mọ̀ ọ́n.

Mo wá ìdí tí mo lè fi kọ̀ ọ́. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọmọ náà ti sọ̀rọ̀ pé: "Ta ló ń béèrè oúnjẹ lójú ọ̀run?" Lẹ́yìn náà mo padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, mo gbé e padà fún ọ̀gá àgbà kó tó di ìgbà tí wọ́n ń ṣíwọ́. Ẹyin lohùn. Èmi fi bírò sọ tèmi ni, bóyá mo rò pé ìyẹn kò ní fọ́.

O máa béèrè pé báwo ni mi ò ṣe dá a mọ̀ ní Ọjọ́rú. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Bàbá Ìrántí ti tún un tẹ̀ nítorí pé lẹ́tà ti àtijọ́ ti ń pa rẹ́, mo sì ti fi ọdún mẹ́sàn-án lé e kúrò lọ́kàn mi. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe láàárín ọdún mẹ́sàn-án yẹn, ìgbàgbé yẹn nìkan ló yọrí. Eré tí mo lọ ṣe níbòmíràn ńkọ́? Ìwọ náà wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì lo wò ó, torí pé ọ̀rẹ́ ni ọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn kọ́ ló burú jù. Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n sọ fún ọ pé wọn ò gbé eré náà fún ọ, mo wá sílé rẹ. O jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ò ń ká aṣọ ọmọ. Aṣọ kan náà lò ń ká, tó o tún ń tú. Mo jókòó tì ọ́, mo di ọwọ́ rẹ mú. Mo ní àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ò mọ iyì èèyàn. Mo bá ọ bú ọ̀gá àgbà, mo tiẹ̀ bú u jù ọ́ lọ. Mo pè é ní òpè tó wọ kóòtù. O rẹ́rìn-ín díẹ̀, o ní, "O ṣeun, Aládùúgbò, ìwọ nìkan lo mọ̀ mí." Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ, mo gbé e lọ sílé, mo sì fi ṣọlá.

Ọdún méjì lo fi ń kọjá lára ọ̀gá àgbà yẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìkí i. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n gbé káàdì kiri pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sí i, o ní rárá. Bàbá yẹn mọ ohun gbogbo. Kò la ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bóyá ó ń dáàbò bò mí, bóyá ó ń dáàbò bo ọ̀rẹ́ tó rí láàárín wa, mi ò mọ̀, mi ò sì lè bi í mọ́, torí pé ó kú ní èṣí. Mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo sì mú kí ìwọ náà ṣẹ̀ ẹ́ láìmọ̀, ìyẹn sì ń dùn mí dénú egungun. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Gbàù fi ìbọn àti bọ́ǹbù inú eré rẹ̀ lé ọ kúrò nídìí iṣẹ́. O ní ó ti rẹ̀ ọ́, pé àwọn ọmọ ilé ìwé máa gbọ́ràn jù ú lọ. Èmi ni wọ́n pè láti ìta pé kí n wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìdágbére rẹ. Mo sọ̀rọ̀ tó dùn. Mo fún ọ ní bírò tó dára nínú páálí.

Ká padà sí Ọjọ́rú. Àwọn ọmọ ń wò mí, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó kọ ọ́. Mo dojú bébà náà dé, mo ní ẹnì kan tó ti kúrò níbí ni, ká lọ sinmi. Wò ó, mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bi Bàbá Ìrántí bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ki ìwé náà sáàárín wọn ni. Ó ní òun ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan kan, òfin lòun tẹ̀ lé, òfin tèmi gan-an. Ó ní ká ní Ọ̀gbẹ́ni Gbàù ò pa òfin náà ni, ìwé náà ì bá ti jáde lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, mi ò sì ní sí nítòsí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti ru tèmi dé orí àtẹ̀gùn, mo dúró síbẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e gbà.

Mo fi odindi ọjọ́ kan ronú bí mo ṣe máa bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀nà wà, ó sì rọrùn. Mo kàn máa pè ọ́ ni, màá fi ohùn ayọ̀ sọ pé, "Aládùúgbò, wo ohun tí mo rí nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wo ohun tí àwọn aláìmọ̀kan yẹn pa tì, máa bọ̀ jàre." Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò níwájú dígí. Ó dún dáadáa. Wàá gbà á gbọ́. Wàá sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìdúpẹ́ yẹn ni mo rò títí tí mo fi rí i pé mi ò lè gbé e.

Ni mo bá lọ bá ọ̀gá àgbà tuntun lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọkùnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ lórí ìdúró bí ẹni tí mọ́tò ń dúró dè ni. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ìyẹn ti pẹ́, mà." Ó ní ilé iṣẹ́ ló ni ìwé náà lábẹ́ òfin, kí n yí nǹkan díẹ̀ padà níbẹ̀, kí n fi orúkọ mi sí i, fọ́tò mi ti wà lára pátákó káàkiri ìgboro. Mo ní a kì í ya ìwé eré kankan láìjẹ́ pé olórí eré fọwọ́ sí i, mi ò sì ní fọwọ́ sí èyí láìgbọ́ tẹnu rẹ. Mo tún sọ fún un pé tó o bá gbà láti wá, ìwọ lo máa jẹ́ olórí eré, èmi á máa kọ lábẹ́ rẹ. Ó ní àwọn òǹwòran ò mọ̀ ọ́. Mo ní èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́.

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní òun á yẹ̀ ẹ́ wò. Orí ìdúró ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó parí, ó ti jókòó. Ó ní òun fún mi di Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Igbe, tí gbogbo òṣèré máa pé jọ láti ka apá àkọ́kọ́ pọ̀. Tí a ò bá gbọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ rẹ nígbà yẹn, òun á mú ìwé eré míì, òun sì lè mú olórí eré míì. Ìyẹn ò ní pa mí. Mo ti wà nílé rí.

Lánàá ni mo wá sọ fún àwọn òǹkọ̀wé mẹ́ta náà. Mo gbé ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ fún wọn kí wọ́n rí ọwọ́ mi lára rẹ̀. Ọmọbìnrin tó kéré jù nínú wọn, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ló wá béèrè pé, "Mà, tèmi tẹ́ ẹ kọ 'kò tíì tó' sí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?" Mi ò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò lẹ́nu mi. Mo gba ìwé rẹ̀, mo tún un kà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò tíì tó lóòótọ́. Àmọ́ mo jókòó tì í fún wákàtí kan, mo sọ ìdí rẹ̀ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì bá mi jiyàn níbi méjì, ó sì jàre níbi kan. Ṣé o rí i, ọdún mọ́kànlá la fi jókòó kojú ara wa, gbogbo ènìyàn ló ń pè mí ní Ìyá Túnunkọ, ìwọ nìkan ni mi ò ní kó tún un kọ lọ́jọ́ yẹn. Ká ní mo tiẹ̀ ní kí o tún un kọ, ìyẹn ì bá jẹ́ irọ́ tó sàn díẹ̀.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ náà wà nínú àpòòwé yìí, kí o fi ojú ara rẹ rí i. Mi ò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀. O lè fi hàn ẹnikẹ́ni tó bá wù ọ́, títí kan àwọn oníwèé ìròyìn tó ń kọ ọ́ pé mo jẹ́ olóòótọ́. Ìwé eré náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ pé o ò fẹ́ kí wọ́n yà á, kọ ìyẹn ránṣẹ́ sí Bàbá Ìrántí, kò pọn dandan kí o bá mi sọ̀rọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì wà níbí, kò ní dé iwájú kámẹ́rà. Tó o bá fẹ́ kí wọ́n yà á kí o má sì wá, orúkọ rẹ nìkan ló máa wà lórí rẹ̀, kò ní sí tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó o bá máa wá, wá kí ọjọ́ kẹfà tó pé.

Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o má bínú. Bínú dáadáa. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ, kò sí bí mo ṣe fẹ́ dá a padà. Ọmọ inú ìwé rẹ béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé irú èsì bẹ́ẹ̀ ò tọ́ sí mi, ìyá tirẹ̀ bẹ̀bẹ̀ ní tiẹ̀ kó tó pẹ́, èmi ò bẹ̀bẹ̀ títí àṣírí fi tú. Síbẹ̀, mo ń wo ojú ọ̀nà.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Sọ ohun tí mo ṣe fún un, má bò mí láṣìírí. Kí ọmọ wa, sọ fún òun náà. Àǹtí ló ń pè mí láti kékeré, ó yẹ kó mọ irú ẹni tó ń pè bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìrántí kí ọ, ó ní orúkọ rẹ ò kúrò nínú ìwé ńlá òun lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá awakọ̀ tó sanra náà kí ọ. Obìnrin tó ń rán aṣọ ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì ń wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé tóun hun fún ọ.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo gbé àpò mi kúrò lórí àga rẹ. Ilẹ̀ ló wà báyìí.

                                        Èmi ni, ní òdìkejì ìlà,
                                        Aládùúgbò rẹ,
                                        Ìyá Túnunkọ.